Bí mo ṣe rin Goris, Tatev àti Khndzoresk já ní gúúsù Arméníà

Ìlú Goris ni mo sùn, kì í ṣe Yerevan tó jẹ́ olú ìlú, ìmọ̀ràn tí mo sì ní fún ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ náà nìyẹn. Láti Yerevan dé Goris fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 250 kìlómítà, òkè ló sì kún ojú ọ̀nà. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni bọ́ọ̀sì kékeré, marshrutka, ń lò. Ẹni tó bá ní òun yóò lọ kí òun sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, inú ọkọ̀ ni ilẹ̀ yóò ṣú u sí. Òkè Vorotan tí ọ̀nà náà gbà kọjá ga tó 2,344 mítà; kùrukùru a máa bò ó pátápátá, nítorí náà, ẹ gbé aṣọ òtútù sí itòsí.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ fi ṣe ti Tatev, ilé àtijọ́ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kristẹni. Ẹ bá onítakisí ná owó àlọ, àbọ̀ àti ìdúródeni pọ̀ kí ẹ tó wọlé, dram, owó Arméníà, ni kí ẹ sì mú dání. Abúlé Halidzor ni ọkọ̀ orí wáyà tó ń lọ sí Tatev ti ń gbéra. Wáyà náà gùn tó 5,752 mítà, ó sì ń gba orí àfonífojì odò Vorotan kọjá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 12. Ọkọ̀ méjì péré ló wà, ọ̀kan ń bọ̀ bí èkejì ṣe ń lọ, èrò 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gbà. Ìyẹn ló fà á tí ìlà fi ń gùn lọ́sàn-án, nígbà tí bọ́ọ̀sì àwọn tó wá láti Yerevan bá dé. Bí afẹ́fẹ́ bá le, wọ́n á dá a dúró.

Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ nìkan ló dára. Kí awakọ̀ gba ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ wá pàdé yín ní Tatev, kí ẹ lè bá a yà ní Satani Kamurj, afárá òkúta tí ẹnikẹ́ni ò kọ́, ní ìsàlẹ̀ àfonífojì. Òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ gan-an.

Ní Tatev, ṣọ́ọ̀ṣì Peteru àti Paulu, tí wọ́n kọ́ láàárín 895 sí 906, ni gbogbo ènìyàn ń sáré wọ̀. Gavazan ló wù mí jù: òpó olókùúta oníhà mẹ́jọ tó ga ní mítà 8, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 904. Wọ́n ṣe é kó lè máa mì. Wọ́n ní òun ló ń ta àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn lólobó bí ilẹ̀ bá fẹ́ mì. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní 1931, òrùlé rìbìtì ṣọ́ọ̀ṣì wó, Gavazan ò wó. Bí ẹ bá ń jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ fi ẹ̀yìn rìn, ẹ má kẹ̀yìn sí pẹpẹ; bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ọ̀sán ni ti Khndzoresk, abúlé ihò àpáta tí àwọn ènìyàn gbé títí di nǹkan bí 1950. Afárá tó ń mì lẹ́sẹ̀ ibẹ̀, ti 2012, gùn ní mítà 160. Àtẹ̀gùn tí ẹ sọ̀ náà lẹ ó gùn padà, ẹ gbé omi dání. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹrẹ̀ á bo ọ̀nà àwọn ihò; bàtà pẹlẹbẹ ò lè gbà yín níbẹ̀.