Bí a ṣe ń tú nọ́ńbà 360360 palẹ̀

Ẹ má tíì gbé ẹ̀rọ ìṣirò. Ẹ wo nọ́ńbà náà dáadáa: 360 ló tẹ̀lé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà 360 × 1001 ni. 1001 yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Wọ́n á fi 2, 3 àti 5 pín in, kò ní pín, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Ẹ tẹ̀síwájú dé 7: 7 × 143 ni, 143 sì jẹ́ 11 × 13. 360 ò le, 8 × 9 × 5 ni. Gbogbo rẹ̀ wá di:

2³ × 3² × 5 × 7 × 11 × 13

Nọ́ńbà mélòó ló lè pín in láìṣẹ́kù? Ẹ ka iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fara hàn, ẹ fi 1 kún un, kí ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: 4 × 3 × 2 × 2 × 2 × 2 = 192. Ẹni tó bá gbàgbé 1 yẹn á rí 6 péré. Ìdí rẹ̀ ni pé a lè mú 2 lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, a sì lè má mú un rárá: ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn.

Èyí tó dùn jù níbẹ̀: yàtọ̀ sí 0, òun ló kéré jù nínú àwọn nọ́ńbà tí gbogbo 1 títí dé 15 pín láìṣẹ́kù. Tí ẹ bá fi 16 pín in, 8 á ṣẹ́kù, torí 2 mẹ́rin ni 16 ń fẹ́, mẹ́ta péré ló sì wà níbẹ̀.