Bí A Ṣe Ń Ya Fídíò Ọkọ̀ Ojú Irin Elééfín Lórí Afárá Glenfinnan

Ẹ má retí ẹ́ńjìnnì pupa inú fíìmù Harry Potter níbẹ̀. Olton Hall lorúkọ ìyẹn. Swindon ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 1937, Leavesden nítòsí Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì gbé e sí fún ìran wíwò lọ́dún 2015. Ọkọ̀ elééfín tó ń gba Glenfinnan kọjá ní Scotland báyìí ni The Jacobite, láti Fort William lọ sí Mallaig. Ẹ́ńjìnnì dúdú ló sábà máa ń fà á.

Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ojú irin alẹ́ kan wà tó ń ti Euston lọ sí Fort William. Jacobite àárọ̀ tó ń lọ sí Mallaig ni kẹ́ ẹ ya fídíò ẹ̀. Tó bá ń bọ̀, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì fi ń rìn, kò wuyì. Ẹ tètè dé, torí ibi ìgbọ́kọ̀sí máa ń kún. Ẹ gun òkè ẹ̀gbẹ́ afárá. Ẹ má gorí irin o!

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ nìyí. Ẹ́ńjìnnì dúdú, èéfín funfun: fóònù ò mọ èyí tí yóò tẹ̀ lé láti ṣètò ìmọ́lẹ̀ àwòrán. Tó bá tẹ̀ lé èéfín, ẹ́ńjìnnì á dúdú bí ìdí ìkòkò. Tó bá tẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì, èéfín á funfun gbòò, ojú ọ̀run á pòórá. Nítorí náà, kí ọkọ̀ tó yọ, ẹ tẹ ìka mọ́ kọnkéré afárá lójú fóònù, kẹ́ ẹ dì í mú títí ìmọ́lẹ̀ yẹn yóò fi tì pa. Àwọ̀ eérú kọnkéré yẹn wà láàárín méjèèjì. Ẹ wá fa ìka sílẹ̀ díẹ̀ lójú fóònù kí àwòrán ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Mo ti rí ẹni tó rántí èyí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti dé àárín afárá; fídíò ẹ̀ ń mọ́lẹ̀, ó ń ṣú, bíi pé NEPA ló ń ṣe é.

Ẹ má fi fóònù lé ọkọ̀ kiri. Ojú 21 ni afárá náà ní, ó sì tẹ̀ kọrọdọ. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra ẹ̀ rìn wọlé, kó rìn jáde. Èmi ò ru ẹsẹ̀ kámẹ́rà gòkè. Àpò ìrẹsì kékeré lórí òkúta tó láti gbé fóònù lé. Ẹ wo koríko náà: bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti afárá sọ́dọ̀ yín, ẹ yí ibi dúró padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èéfín nìkan lẹ ó gbé délé.

Òtútù a máa pa bátìrì. Inú àpò kóòtù ni fóònù tèmi ń gbé títí tó fi ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọkọ̀ dé.