Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń gbé ní Madrid, tó sì ń jáde láìná owó púpọ̀

Ọjọ́ kejì tí mo dé Madrid, ebi gbé mi wọ ilé oúnjẹ kan láago méjìlá ọ̀sán. Àga ṣì wà lórí tábìlì, wọ́n ń fọ ilẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá tó wà nídìí káńtà na ìka méjì sókè: aago méjì ni wọ́n ń jẹun ọ̀sán. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé aago ìlú náà ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ kọ́, kó tó kan èdè wọn pàápàá.

Ṣùgbọ́n ìwé ni kó o kọ́kọ́ mójú tó. Lọ fi orúkọ àti ilé tó ò ń gbé sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀; empadronamiento ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n sì ti máa béèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ. Lẹ́yìn náà, bó o bá máa lò ju oṣù mẹ́fà lọ, béèrè fún káàdì àjèjì, ìyẹn TIE, kí oṣù kan tó pé tó o ti wọ̀lú. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń mú ọjọ́ tí wọ́n máa rí ọ. Ọjọ́ náà kì í tètè yọ, nítorí náà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Ohun tó kàn ni káàdì ọkọ̀. Bó ò bá tíì pé ọmọ ọdún 26, Abono Joven ni tìrẹ. Yúrò 20 ni iye rẹ̀ gan-an fún ọgbọ̀n ọjọ́, àmọ́ láti 2022 ni wọ́n ti ń dín in kù fún aráàlú. Káàdì yìí ló ń wọ métrò, bọ́ọ̀sì ìgboro, bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé tó ń lọ sáwọn ìlú ìtòsí, àti Cercanías, ìyẹn rélùwéè tó ń lọ sáwọn ìlú ìtòsí. Mo fẹ́ kó o fi èyí sọ́kàn dáadáa, torí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, ilé ìwé nìkan ni wọ́n sì ń gbé e lọ.

Ní ti oúnjẹ, ọ̀sán ni kó o ti jẹ àjẹyó. Béèrè fún menú del día: abọ́ oúnjẹ méjì, búrẹ́dì, ohun mímu àti ohun dídùn tí wọ́n fi ń parí rẹ̀. Ti inú ọgbà yunifásítì ló sábà ń dín owó jù. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n ń jẹ oúnjẹ alẹ́. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín bá ń wù ọ́, má ra èyí tí wọ́n kọ plátano lásán sí lára, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ nìyẹn. Plátano macho ni kó o béèrè. Iṣu ni wọ́n ń pè ní ñame. Àdúgbò Lavapiés ni mo ti máa ń rí méjèèjì rà.

Máa kí èèyàn. Bó o bá wọ ṣọ́ọ̀bù, Buenos días, ìyẹn ẹ káàárọ̀. Bó o bá ń jáde, Hasta luego, ìyẹn ó dàbọ̀. Ẹni tó bá kọjá lára ẹni tó ń jẹun á sọ pé Que aproveche, ìyẹn kí oúnjẹ náà ṣe é lóore. Ọmọ ibi tí wọ́n ti ń sọ fún ẹni tó bá wọn lórí oúnjẹ pé “O bá mi ire” ò gbọ́dọ̀ rí ìyẹn bí ohun tó le.

Ó wá ku ìjáde. Alcalá de Henares ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Wọ rélùwéè Cercanías C-2 tàbí C-7 ní ibùdókọ̀ Atocha ní Madrid, kò ju nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lọ, káàdì rẹ ti san án. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún Cervantes, òǹkọ̀wé Don Quixote, lọ́dún 1547. Rìn lábẹ́ òrùlé olópòó ti Calle Mayor, kó o wá gbójú sókè: àwọn ẹyẹ funfun ńlá ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ti kọ́ ìtẹ́ sórí ilé ìṣọ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa fi ẹnu wọn pa kà-kà-kà. Èmi ò mọ iye ìgbà tí mo ti padà lọ torí wọn.

Lọ́sẹ̀ míì, wọ bọ́ọ̀sì 661 tàbí 664 ní ibùdókọ̀ Moncloa ní Madrid lọ sí El Escorial, ààfin tí wọ́n kọ́ fún Ọba Felipe Kejì láàárín 1563 sí 1584. Má lọ lọ́jọ́ Ajé, títì ni wọ́n ń tì í.

Segovia ni kó o fi ṣìkẹta. Káàdì rẹ ò débẹ̀, ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ní Moncloa. Rélùwéè ayára-bí-àṣá ń lò tó ààbọ̀ wákàtí péré, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìlú ló ń já èèyàn sí. Pápá gbalasa ni mo bá níwájú mi lọ́jọ́ tí mo wọ̀ ọ́, mo tún wá bọ́ọ̀sì míì wọ ìgboro. Mú aṣọ òtútù dání, ìlú náà ga tó nǹkan bí 1,000 mítà. Bó o bá dé ìdí afárá táwọn ará Róòmù kọ́ láti máa gbé omi wọ̀lú, gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òkúta rẹ̀, kó o sì wo ibi tí ọ̀kan ti jókòó lé èkejì. Kò sí sìmẹ́ǹtì kankan láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ó ga ju mítà 28 lọ níbi tó ga jù. Kó o tó kúrò ní ibùdókọ̀ láàárọ̀, wo aago tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ń padà sí Madrid, kó o sì ra tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ rẹ síbẹ̀.