Ọjọ́ tí àbájáde jíìnì ọkàn yíjú sódì mọ́ mi lọ́wọ́

Ọjọ́ kẹta tí mo ti ń bá iṣẹ́ yìí fà á ni mo tó rí i pé ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló ń rìn.

GEO, ilé ìkópamọ́ dátà tí NCBI, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan, ń bójú tó, ni mo ti mú dátà tí mo lò. Ọ̀fẹ́ ni. Nọ́ńbà rẹ̀ ni GSE57338: ẹran ọkàn ènìyàn 313, láti ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ apá òsì tó ń ti ẹ̀jẹ̀ sí gbogbo ara. 136 nínú àwọn ọkàn náà kò dáṣẹ́ sílẹ̀. 95 jẹ́ ti àwọn tí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn dí, 82 sì jẹ́ ti àwọn tí ọkàn wọn fẹ̀ bí àpò tó ti gbó láìjẹ́ pé dókítà rí ìdí rẹ̀. Ohun tí mo ń wá ni pé, jíìnì wo ló ń ké ju tàtẹ̀yìnwá lọ nínú ọkàn tó ń ṣàìsàn, èwo ló sì ti panu mọ́? Iye RNA, ìyẹn ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe láti ara jíìnì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, tó ń tinú jíìnì kọ̀ọ̀kan jáde la fi ń mọ̀.

Òru kan ni mo fi gba fáìlì rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà (íntánẹ́ẹ̀tì òru ló dínwó). Mo ṣí i nínú R, èdè kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣírò dátà, mo ní kí limma, irinṣẹ́ R tó ń fi jíìnì ẹgbẹ́ kan wé ti èkejì, fi àwọn ọkàn tó fẹ̀ wé àwọn tó yá. Èsì jáde: jíìnì NPPA re ilẹ̀, MYH6, jíìnì tó ń ṣe èròjà tí iṣan ọkàn fi ń súnkì, gòkè. Mo wò ó títí. NPPA ló ń ṣe èròjà tí ọkàn fi ń ránṣẹ́ sí kíndìnrín pé kó da omi àti iyọ̀ nù. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, ó máa ń ṣiṣẹ́ gan-an ní ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn ìbí, á rọlẹ̀ níbẹ̀. Bí ọkàn bá wá ń kú lọ, á tún jí, bí àgbàlagbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rákòrò. Báwo ló ṣe máa wá lọ sílẹ̀?

Àwọn tó kó dátà jọ ni mo kọ́kọ́ fura sí, mo tiẹ̀ ti ń kọ ímeèlì lọ́wọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi. Bí o kò bá sọ ẹgbẹ́ tí R máa fi ṣe òṣùwọ̀n fún un, á to orúkọ wọn ní ábídí, á mú ti àkọ́kọ́. "idiopathic dilated CMP" (orúkọ ẹgbẹ́ ọkàn tó fẹ̀) ló ṣáájú "non-failing" (ti àwọn tó yá), torí I ṣáájú N. Àṣé aláìsàn ni mo fi ń wọn ẹni tí ara rẹ̀ yá! Ìlà kan ló tún un ṣe:

status <- relevel(status, ref = "non-failing")

NPPA gòkè, MYH6 wálẹ̀. Mo pa ímeèlì náà rẹ́.

Mi ò gba p 0.05 lásán o, ìyẹn ààlà tí a sábà fi ń mọ̀ bóyá èsì kì í ṣe kòńgẹ́. Nínú jíìnì 20,000, nǹkan bí 1,000 lè bọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú kòńgẹ́ nìkan. Adjusted p, èyí tí wọ́n ti tún ṣe nítorí pé jíìnì tí a yẹ̀ wò pọ̀, ni mo lò.

Èyí tí ò tíì jẹ́ kí n sinmi ni COL1A1, ọ̀kan lára àwọn jíìnì kọ́lájìn, èròjà tí ara fi ń hun àpá. Òun náà gòkè. Ṣùgbọ́n ọkàn tó ń ṣàìsàn máa ń ní àpá, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń hun àpá náà a sì máa pọ̀ sí i. Wọ́n ti lọ gbogbo ẹran náà pọ̀ bí ata. Ṣé ohùn sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló lọ sókè ni, àbí àwọn aláriwo ló kàn pọ̀ sí i? Limma ò lè dá mi lóhùn. Dátà tí wọ́n ti yẹ sẹ́ẹ̀lì wò lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo ń gbà sórí kọ̀ǹpútà báyìí, òru kejì rẹ̀ nìyí, kò sì tíì dé ìdajì.