Bí Bẹntiróòlù Bá Ń Jò Lára Kabúrétọ̀ Jẹnẹrétọ̀ Tàbí Pọ́ǹpù Omi Yín

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti onílé ní Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀

Ìwé yìí wà fún ẹni tó ń fi pọ́ǹpù fa omi sí àkùrọ̀ létí odò Ògùn, fún àwọn tó ń fi ẹ́ńjìnnì rin ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, fún àwọn aláró Ìtòkú, àti fún onílé tó gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìnkùlé ní Ọbáńtokò. Ẹ̀rọ wọn yàtọ̀ síra, àmọ́ irú kabúrétọ̀ kan náà, ìyẹn ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ló pọ̀ lára wọn. Ohun tó sì ń mú un jò kò ju mélòó kan lọ. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń jù nù, tí wọ́n ń fi tuntun rọ́pò, ìdọ̀tí lásán ló dí i lọ́wọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ti táàpù epo tó wà lábẹ́ táǹkì, kí ẹ sì jẹ́ kí sàlẹ́ńsà tutù dáadáa. Ooru bẹntiróòlù, ìyẹn gáàsì tó ń ti ara rẹ̀ jáde, wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè, ilẹ̀ ló ń rìn mọ́. Bí àdògán bá wà níbi tó rẹlẹ̀ sí ibi tí epo ti ń jò, ooru náà lè rìn débẹ̀, kó gbiná, kí iná sì tọ̀ ọ́ padà wá bá yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ́ àbẹ́là fún àdìrẹ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gidi: ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà pẹ̀lú iná yín.

Bó bá jẹ́ alẹ́ ni, ẹ fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Fìtílà àti àbẹ́là kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá. Ẹ gbé yanrìn gbígbẹ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì sí tòsí. Ẹ má da omi sí iná bẹntiróòlù, nítorí epo á léfòó lórí omi, iná á sì bá a rìn lọ síbi tí kò dé tẹ́lẹ̀.

Níbo gan-an ló ti ń jò?

Ibi tí epo ń kán sí lè má jẹ́ ibi tó ti ń jò. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nu kabúrétọ̀ àti họ́ọ̀sì títí wọ́n á fi gbẹ, ẹ tẹ́ paálí funfun sábẹ́, kí ẹ wá ṣí táàpù láìṣíná. Ẹ fara balẹ̀ wò ó láti òkè wá sísàlẹ̀, nítorí ibi tó bá kọ́kọ́ tutù lókè jù ni ẹ ń wá.

Bó bá jẹ́ ẹnu họ́ọ̀sì, ẹ gé ibi tó ti sán kúrò bí ó bá ṣì gùn tó, kí ẹ fi kílíìpù dè é. Bó bá jẹ́ bóòtù tó wà nísàlẹ̀ kabúrétọ̀, wọ́ṣà rẹ̀ ló sábà máa ń bàjẹ́. Ẹ má fún un ju bó ṣe yẹ lọ, irin kabúrétọ̀ rọ̀, ojú bóòtù á yọ.

Bó bá ń yọ láàárín ìkòkò kékeré tó wà nísàlẹ̀ àti ara kabúrétọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí àárín wọn ni. Àwọn kan á fi ọṣẹ dí i, àwọn mìíràn á fi gọ́ọ̀mù gásíkẹ́ẹ̀tì. Ọṣẹ lè gbé yín délé láti oko, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti gọ́ọ̀mù ló burú jù, nítorí bẹntiróòlù máa ń jẹ ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, tí á máa bó wẹ́wẹ́ wọ inú jẹ́ẹ̀tì, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí epo ń gbà lọ sí ẹ́ńjìnnì, tí á sì dí i pa. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni ẹ rà. Bí èyí tí ẹ tú bá ṣì dára àmọ́ tó ti wú, tí kò wọ ojú ihò rẹ̀ mọ́, ẹ sá a síbi afẹ́fẹ́ lábẹ́ òjìji fúngbà díẹ̀, ó sábà máa ń súnkì padà.

Àmọ́ bí epo bá ń tú jáde láti ẹnu kabúrétọ̀, tí fóòmù fítà afẹ́fẹ́ rin gbingbin, tàbí tó ń yọ láti ihò kékeré tí wọ́n fi sílẹ̀ kí epo tó kún jù lè máa gbà jáde, ọ̀rọ̀ ti di ti abẹ́rẹ́ àti fílótà. Èyí ló wọ́pọ̀ jù.

Abẹ́rẹ́ àti fílótà

Nínú ìkòkò kékeré yẹn, fílótà ń léfòó lórí epo. Bí epo bá ṣe ń kún, bẹ́ẹ̀ ni fílótà ń gòkè, tó ń ti abẹ́rẹ́ kan sókè láti dí ihò tí epo ń gbà wọlé. Bọ́ọ̀lù tó ń pa omi nínú táǹkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an. Bí ẹyọ yanrìn kan bá há sábẹ́ abẹ́rẹ́, ihò kò ní dí tán. Jẹnẹrétọ̀ àti pọ́ǹpù wa kò sì ní ohun tó ń fa epo, gbogbo epo tó wà ní táǹkì lókè ló máa rọra ṣàn tán bí táàpù bá wà ní ṣíṣí.

Kí ẹ tó tú u, ẹ kọ́kọ́ fi ìdí sukuduráífà gbá ẹ̀gbẹ́ ìkòkò náà jẹ́jẹ́. Nígbà mìíràn fílótà kàn há ni. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ gbé agolo sábẹ́, ẹ tú bóòtù ìsàlẹ̀, kí ẹ ṣí táàpù kí epo ṣàn díẹ̀. Ó lè fọ ìdọ̀tí náà lọ. Ẹ wo ohun tó bọ́ sínú agolo. Bí ẹ bá rí ohun tó ń yí kiri nísàlẹ̀ epo tí kò pò mọ́ ọn, omi ni. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí pupa, inú táǹkì yín ti ń dípẹtà, ẹ ó sì máa tún kabúrétọ̀ yìí ṣe títí bí ẹ kò bá fọ táǹkì.

Bó bá ṣì ń jò, ẹ ti táàpù padà, kí ẹ tú ìkòkò náà kúrò. Ẹ fa irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so fílótà mọ́ra yọ, fílótà àti abẹ́rẹ́ á jáde pọ̀. Ẹ di abẹ́rẹ́ mú dáadáa, ó kéré, bó bá bọ́ sínú koríko ó ti lọ nìyẹn. Orí rẹ̀ sábà máa ń ní rọ́bà ṣónṣó. Ẹ yí i wò lójú oòrùn: bí ẹ bá rí ojú ìlà kan tó ti jẹ wọ inú rọ́bà náà yí ká, ó ti tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ mi fílótà létí yín. Bí ẹ bá gbọ́ tí epo ń mì nínú rẹ̀, ó ti lu, kò lè léfòó mọ́, kò sì sí àtúnṣe tó ń pẹ́ lára rẹ̀.

Ẹ fi bẹntiróòlù díẹ̀ àti aṣọ tí kì í bó fọ ibi tí abẹ́rẹ́ ń jókòó sí. Ẹ má ki wáyà bọ ihò jẹ́ẹ̀tì. Idẹ ni, á fẹ̀, ẹ̀rọ yín á sì máa mu epo láti ọjọ́ náà lọ. Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi fọ́n ọn, ọ̀dọ̀ fọkanáísà kò jìnnà.

Nígbà tí ẹ bá to fílótà àti abẹ́rẹ́ padà, tí ìkòkò kò tíì wọlé, tí kabúrétọ̀ sì ti kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ẹ ki họ́ọ̀sì tó mọ́ tó sì gbẹ bọ ẹnu ibi tí epo ń gbà wọlé, ẹ dojú kabúrétọ̀ dé, kí ẹ fẹnu fẹ́ ẹ. Kò yẹ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Bí ẹ bá gbé fílótà sókè, ó yẹ kó kọjá. Fífẹ́ ni o, ẹ má fà á sẹ́nu.

Ẹ̀yin alákùrọ̀, ẹ wo bí pọ́ǹpù ṣe jókòó pẹ̀lú. Bó bá dàgẹ̀rẹ̀ púpọ̀ sí ìhà odò, fílótà kò ní ti abẹ́rẹ́ dé ojú ihò, epo á sì máa ṣàn láìsí ohunkóhun tó bàjẹ́. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kó tẹ́jú. Bákan náà ni pọ́ǹpù tí ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà: ẹ ti táàpù, kí ẹ sì tú epo inú ìkòkò kúrò kí ẹ tó gbéra.

Ẹ wo ọ́ìlì kí ẹ tó ṣíná

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Epo tó jò lè gba ẹnu kabúrétọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì, kó sì bọ́ sínú ọ́ìlì. Ẹ yọ gééjì, irin tí ẹ fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó. Bí ọ́ìlì bá ga ju àmì rẹ̀ lọ, tó ń ṣàn bí omi, tó ń rùn bẹntiróòlù, ẹ má ṣíná. Ẹ dà á nù, ẹ rọ tuntun. Àwọn ẹ́ńjìnnì 5.5 HP tó pọ̀ lára pọ́ǹpù kì í gbà ju nǹkan bí 0.6 lítà lọ, owó ọ́ìlì yẹn kò tó owó ẹ́ńjìnnì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour”, tí ẹ ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, kò ní gééjì ní tirẹ̀.

Bí okùn bá le tí kò ṣeé fà, ẹ má fi agbára fà á, epo lè ti kún orí písítìn. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ gbé orí wáyà rẹ̀ jìnnà sí ojú ihò náà, kí ẹ wá rọra fa okùn kí epo jáde. Iná wáyà náà lè ran epo tó ń fọ́n jáde.

Fún ẹni tó ń gun mọ́tò oníkabúrétọ̀

Peugeot 504 àti Volkswagen Ìjàpá ṣì wà nílùú, àwọn ọ̀dọ́ kan sì fẹ́ràn láti tún ẹ́ńjìnnì ṣe kó lè máa sáré. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé pọ́ǹpù epo ló ń gbé epo wá. Kabúrétọ̀ mọ́tò asáré kì í sábà fẹ́ ju 7 psi lọ (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo). Pọ́ǹpù oníná tí wọ́n yọ lára mọ́tò onínjẹ́tọ̀, tí kì í lo kabúrétọ̀, lè fún un ní 40 psi tàbí jù bẹ́ẹ̀, kò sì sí abẹ́rẹ́ tó lè dí irú ìyẹn. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ abẹ́rẹ́, tí epo ṣì ń tú, ẹ fi gééjì wọn agbára pọ́ǹpù náà kí ẹ tó bú ẹni tó ta abẹ́rẹ́ fún yín.

Kó má baà tún jò

Ẹ fi fítà kékeré sáàárín họ́ọ̀sì. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ sẹ́nu àrọ bí ẹ bá ń rọ epo, kì í ṣe ègé fóòmù tó ti gbó, nítorí òun fúnra rẹ̀ ń bó wọ táǹkì. Kẹ́ẹ̀gì tó ti wà níta lójú òjò, ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ kí omi wálẹ̀, kí ẹ má sì da ti ìsàlẹ̀ pátápátá sínú ẹ̀rọ. Bí òjò bá ti dé, tí ẹ kò ní lo pọ́ǹpù fún ìgbà pípẹ́, ẹ ti táàpù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ jẹ́ kó lo epo inú kabúrétọ̀ tán kó fúnra rẹ̀ kú.