Àṣìṣe tó ń dá iṣẹ́ padà fún àwa tí ń fi Revit ya ilé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹni tó bá ń fi Revit, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya pílánù, ya ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù mọ̀ pé yíyà kọ́ ló ń jẹ àsìkò, àtúnṣe ni. Onílé á ní kí ẹ gbé dẹ́kíngì sókè díẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ìlà kan ṣoṣo, ni nǹkan bá dàrú káàkiri ilé. Bí ẹ bá tọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, wákàtí àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí fáìlì ni àṣìṣe náà ti wọlé.

Ẹ má gbé fáìlì sọ̀fíyọ̀ wọlé bó ṣe wà

Èyí ló burú jù. UTM Zone 31, ìlànà tí a fi ń fi mítà sọ ibi tí nǹkan wà lórí ilẹ̀ ayé, ni ọ̀pọ̀ sọ̀fíyọ̀ (àwọn tó ń wọn ilẹ̀) ń lò lápá ọ̀dọ̀ wa. Òpó ààlà ilẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde lè wà ní nǹkan bíi mítà 600,000 sí ìlà-oòrùn àti mítà 750,000 sí àríwá. Revit kò sì fẹ́ kí ohunkóhun jìnnà sí Internal Origin rẹ̀, ìyẹn ojúkò tó ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, ju máìlì 10 lọ, ìyẹn bíi kìlómítà 16. Bí ẹ bá yan Origin to Internal Origin, ẹ ti ju ilẹ̀ náà jìnnà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà sí ibi tí Revit ti lè ṣírò dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ìlà á máa gbọ̀n, hatch (ìlà tí a fi ń kún inú àwòrán) á dàrú, Join (síso ògiri pọ̀) á máa kọ̀, ẹ ó sì máa rò pé kọ̀ǹpútà ló ti gbó.

Bó ṣe yẹ nìyí. Ẹ lo Link CAD, tó kàn ń so fáìlì mọ́ iṣẹ́, ẹ má lo Import, tó ń gbé e wọnú iṣẹ́ pátápátá. Ní Positioning, ẹ yan Auto - Center to Center. Ní Import units, ẹ yan mítà fúnra yín, ẹ má fi sílẹ̀ sórí Auto-Detect. Ẹ tẹ VG (Visibility/Graphics), ẹ ṣí Internal Origin lábẹ́ Site kí ẹ lè rí i, kí ẹ wá fi MV (Move) gbé ilẹ̀ náà títí òpó kan fi sún mọ́ ọn. Nígbà náà ni kí ẹ lọ sí Manage, Coordinates, Specify Coordinates at Point, ẹ tẹ orí òpó yẹn, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lórí ìwé sọ̀fíyọ̀ síbẹ̀. Ẹ fi PN (Pin) kan link náà mọ́lẹ̀ kó má baà ṣí.

Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ògiri o. Ẹ gbé Spot Coordinate, àmì tó ń kọ nọ́ńbà ibi tí nǹkan wà, sórí òpó kejì: bí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá bá ti ìwé mu, ìdojúkọ àríwá kò tíì tọ̀nà nìyẹn. Ẹ wọn ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 15.24 sí 30.48. Bó bá jẹ́ mìlímítà 15.24 lẹ rí, ẹ ti ka mítà sí mìlímítà nìyẹn.

Ìdí tí a fi ní kí ẹ má lo Import ni pé àwọn kan á gbé fáìlì náà wọlé, wọ́n á tún tẹ Explode, tó ń tú u sí ìlà kéékèèké. Gbogbo layer á di irú ìlà tuntun nínú iṣẹ́ yín, bẹ́ẹ̀ bí sọ̀fíyọ̀ bá ṣàtúnṣe ààlà, ẹ óò tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Link ní tirẹ̀, Reload lásán ni.

Ògiri tí kì í ṣe ògiri wa

Generic - 200mm tí Revit ń gbé síwájú yín kò sí lọ́jà búlọ́ọ̀kù kankan ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Àgọ́-Ìwòyè. Búlọ́ọ̀kù 9 jẹ́ mìlímítà 225, ti 6 jẹ́ 150. Bí ẹ bá fi pílásítà 15 sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹni 225 di 255, ẹni 150 di 180. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó fi Generic 200 ya gbogbo ilé tán, tó wá pààrọ̀ rẹ̀ sí 255 lẹ́yìn: bí Location Line (ìlà tí Revit fi ń dá ògiri dúró) bá wà láàárín ògiri, ògiri kọ̀ọ̀kan á fi 27.5 wú sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó jẹ́ 1200 di 1145. Ilé ìwẹ̀ tó jẹ́ 1500 di 1445, kẹ̀kẹ́ aláìsàn tàbí ẹ̀rọ ìfọṣọ tí onílé ti wọn ìwọ̀n rẹ̀ lè máà wọlé mọ́. Owó ńlá lonílé ń ná, ó sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ Duplicate ògiri, kí ẹ to ìpele rẹ̀ ní Edit Structure, kí ẹ sì fún un lórúkọ tí ẹlòmíràn lè kà. Fún ògiri ìta, ẹ fi Location Line sórí Core Face: Exterior, nítorí ojú búlọ́ọ̀kù ni bíríkìlà ń ta okùn sí, kì í ṣe ojú pílásítà.

Bí onílé bá sọ ẹsẹ̀ bàtà 12, ẹ má fi 3600 dípò rẹ̀ látorí àṣà. Mìlímítà 3658 ni. Ẹ kàn tẹ 12' bẹ́ẹ̀, Revit á yí i padà fúnra rẹ̀.

Ẹ má sì fi orí ògiri sílẹ̀ sórí Unconnected, tí kò so mọ́ Level (ìlà gíga àjà ilé) kankan. Ẹ yan Up to level. Bí ẹ bá gbé òkè láti 3000 lọ sí 3300, ògiri Unconnected á dúró sí 3000, ààyè 300 á ṣí sílẹ̀ lábẹ́ dẹ́kíngì. Ẹ ò ní rí i nínú Floor Plan, àfi bí ẹ bá gé Section, àwòrán ilé tí a là láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Bákan náà, ẹ má pa Level rẹ́ láìwo ohun tó rọ̀ mọ́ ọn. Gbogbo ohun tó rọ̀ mọ́ ọn ló ń bá a lọ.

Bí iná bá lọ

Ẹni tó ti AutoCAD, ètò ìyàwòrán mìíràn, wá máa ń rò pé Revit ń pa iṣẹ́ mọ́ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìránnilétí ló ń ṣe, ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn, bí ẹ bá sì tẹ Cancel, òun náà dákẹ́. Ní Options, General, ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 15. Nínú Save As, Options, ẹ gbé Maximum backups kúrò lórí 3 lọ sí 10. Ẹ má ṣiṣẹ́ látorí fláàṣì. Ẹ kó fáìlì sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó ṣí i.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà Revit ọdún wo ló ń lò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ bá pa mọ́ nínú 2024 kò ní ṣí nínú 2022, kò sì sí bí ẹ ṣe lè dá a padà sẹ́yìn. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ nìyẹn.

Ní ti títẹ̀, ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ pé kó má yan Fit to page. Zoom 100% ni. Lórí pílánù 1:100, ẹ fi rúlà wọn ògiri mítà 10: mìlímítà 100 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bó bá jẹ́ 96, ẹ dá a padà fún un kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.