Ìrìn Àjò Ọjọ́ Kan sí Àgbádárìgì pẹ̀lú Afinimọ̀nà

Ìrìn àjò ọjọ́ kan sí Àgbádárìgì kò le rárá, àmọ́ aago ni ó sábà máa ń bà á jẹ́. Kí ẹ tó pe afinimọ̀nà kankan, ẹ kọ́kọ́ pinnu aago tí ẹ gbọ́dọ̀ ti padà dé ibi tí ẹ ti gbéra, kí ẹ wá ti ibẹ̀ ka wákàtí sẹ́yìn. Ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ òkun ní èbúté Àpápá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí ọkọ̀ òkun kì í dúró de èrò tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ há mọ́ Òkókómáíkò. Bí wọ́n bá ní kí gbogbo èrò ti wọlé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ ti kẹ́yìn sí Àgbádárìgì ní aago méjì ọ̀sán, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn dá yín dúró. Irú èrò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tún béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ṣáájú bóyá ìwé tí ó wà lọ́wọ́ òun gbà á láyè láti jáde kúrò ní èbúté, nítorí kò sí afinimọ̀nà tí ó lè bá a yanjú ìyẹn ní ẹnu ọ̀nà.

Àǹfààní kan wà fún ẹni tí ó bá ti Àpápá gbéra tí ẹni tí ó ń bọ̀ láti Lẹ́kì kò ní, ìyẹn ni pé Mile 2 kò jìnnà sí èbúté náà. Láti Mile 2, títì tí ó lọ sí ẹnubodè Sẹ́mẹ̀ ni ẹ óò tọ̀, ẹ óò kọjá Trade Fair, Òkókómáíkò, Ìyànà-Ìbà àti Àgbárá kí ẹ tó yà sí ọwọ́ òsì wọ inú ìlú. Gbogbo rẹ̀ á tó nǹkan bíi kìlómítà 50. Ẹni tí ó wà ní Erékùṣù Èkó lè wọ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, kí afinimọ̀nà tàbí awakọ̀ wá pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọlé, nítorí náà kí owó ti wà lórí rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, kí aago mẹ́fà àárọ̀ má bá yín nílé, pàápàá ní ọjọ́ iṣẹ́. Ní tèmi, Sátidé ni mo fara mọ́ jù. Ní ọjọ́ Sunday, ọ̀nà lè dá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ilé tí ẹ fẹ́ wò lè wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nítorí pé ẹnubodè ni títì náà ń lọ, àwọn ọlọ́pàá, Kọ́sítọ́ọ̀mù àti Ìmígíréṣọ̀n pọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n sì lè dá ọkọ̀ dúró ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí olúkúlùkù mú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ dání, kí ìwé ọkọ̀ sì pé. Àwọn ẹbí tí ó ti òkè òkun wá kò gbọdọ̀ fi pásípọ́ọ̀tù sílé lérò pé ìrìn inú ìpínlẹ̀ Èkó lásán ni.

Ẹ lè rí ẹni tí yóò sọ fún yín pé òun lè mú yín dé Àgbádárìgì kí ẹ sì tún fojú kan Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ kan náà. Ìlú etí ọ̀sà ni àwọn méjèèjì lóòótọ́, àmọ́ ọ̀kan wà ní ìpẹ̀kun ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ náà, èkejì sì wà ní ìpẹ̀kun ìlà oòrùn rẹ̀, gbogbo ìgboro Èkó ni ó sì dábùú sí àárín wọn. Inú ọkọ̀ ni ẹni tí ó bá gbà bẹ́ẹ̀ yóò ti lo ọjọ́ rẹ̀. Ìlú kan ti tó fún ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ afinimọ̀nà ni ó kàn, orí rẹ̀ sì ni èmi yóò dúró sí jù, nítorí pé ọwọ́ àwọn ìdílé ni púpọ̀ nínú ohun tí ẹ fẹ́ wò ní Àgbádárìgì wà. Ilé Séríkì Williams Abass, níbi tí wọ́n ti ń ti ẹrú mọ́lé láyé àtijọ́, jẹ́ ti àwọn ọmọ rẹ̀, ilé àwọn ohun ìrántí ẹrú ti ìdílé Mobee jẹ́ ti ìdílé Mobee, kò sì sí ẹni tí ń wọ agboolé onílé láìkí onílé. Afinimọ̀nà tí ó jẹ́ ọmọ ìlú mọ ẹni tí a ń kí àti ìgbà tí a ń kí i, ó mọ ilé tí wọ́n ti ń ṣe òkú lọ́wọ́ tí a kò ní lè wọ̀, ó sì lè bá àwọn àgbà sọ èdè Ègùn níbi tí Yorùbá yín kò bá tó. Ẹ lè béèrè irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Badagry Heritage Museum, tí ó wà nínú ilé tí wọ́n kọ́ ní 1863 tí àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó fi ṣe ọ́fíìsì. Ohun tí ó sàn jù ni kí ẹ ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì la ọ̀rọ̀ owó mọ́lẹ̀ bí ọmọlúàbí ṣe ń là á: “Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa márùn-ún la máa wá ní Sátidé. Ṣé owó tí ẹ dá yìí ti kó owó ìwọlé ibi gbogbo mọ́ra, àbí àwa la máa san án lọ́tọ̀? Owó ọkọ̀ ojú omi ńkọ́, ṣé àlọ àti àbọ̀ ni?” Bí ó bá dáhùn ní kedere, ẹ ní kí ó fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Bí ó bá ń wí pé kí ẹ ṣáà kọ́kọ́ máa bọ̀ ná, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ mú owó kéékèèké dání, nítorí pé owó ìwọlé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ilé kọ̀ọ̀kan ń gbà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sì í fi ìgbà gbogbo dára fún ìfowóránṣẹ́.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ẹ lè fi mọ afinimọ̀nà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀: ẹ bi í léèrè ọdún tí wọ́n dá ọjà ẹrú Vlekete sílẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní ìlú ni pé ní 1502 ni. Àwọn òpìtàn tí wọ́n yẹ ìwé àwọn oníṣòwò òyìnbó wò sọ pé ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Àgbádárìgì tó di èbúté òwò ẹrú tí ó lókìkí. Afinimọ̀nà gidi yóò sọ méjèèjì fún yín láìbínú, yóò sì sọ èyí tí ó jẹ́ ìtàn ẹnu àti èyí tí ó wà nínú ìwé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Bíbélì ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nárì tí ó wà ní ìlú náà. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé inú ilé yẹn ni Àjàyí Crowther ti túmọ̀ gbogbo Bíbélì sí Yorùbá tán, bẹ́ẹ̀ ó ti kọjá lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846, odidi Bíbélì Yorùbá kò sì jáde títí di 1884. Iṣẹ́ tí ó ṣe nígbà tí ó wà ní Àgbádárìgì tó ohun tí a ń yangàn sí láìsí àbùmọ́ kankan.

Ètò tí mo fara mọ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé Séríkì, kí ẹ ti ibẹ̀ lọ sí ilé Mobee àti ọjà Vlekete, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gberefu ní òdìkejì ọ̀sà kí aago mọ́kànlá tó lù, kí ẹ sì fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kádìí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá padà. Ìdí méjì ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ìkíní ni pé ẹ óò rìn láti inú àtìmọ́lé dé ọjà, láti ọjà dé etí omi, ìtàn àwọn ẹrú náà á sì yé ọmọdé tí ó bá wà pẹ̀lú yín. Ìkejì ni oòrùn, nítorí orí iyanrìn ni ẹ óò máa rìn ní òdìkejì ọ̀sà, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí aago kan ọ̀sán bá níbẹ̀ láìní fìlà tàbí agboòrùn.

Ẹ má fi ìkánjú kúrò ní ilé Séríkì. Ọmọ Jọga-Orílé ní ilẹ̀ Yewa ni Séríkì, Fárẹ̀mí ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, ó dé Bùràsíìlì, ó padà wá, ó sì di oníṣòwò ẹrú fúnra rẹ̀ kí ó tó di olóyè ńlá. Ọdún 1919 ni ó kú, sàréè rẹ̀ sì wà nínú ọgbà náà. Yàrá 40 ni wọ́n ní ó wà níbẹ̀ nígbà náà, ẹrú 40 ni wọ́n sì ń kó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ṣí yàrá kan fún yín, ẹ wọ inú rẹ̀, kí ẹ duro níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan láìsọ̀rọ̀. Ihò kékeré kan tí ó wà lókè ògiri ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, àwa tí a kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn kí afinimọ̀nà tó parí gbólóhùn kan. Agboòrùn kan wà lára ohun tí wọ́n pàtẹ níbẹ̀, wọn yóò sì sọ fún yín pé irú rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gba ẹrú 40. Ní ilé Mobee, ẹ óò rí ẹ̀wọ̀n ọrùn, ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀, àti irin tí wọ́n fi ń dé ẹnu. Bí onílé bá yọ̀ǹda kí ẹ gbé ẹ̀wọ̀n náà wò, kí ọ̀kan nínú yín gbé e, kí ó mọ bí ó ṣe wúwo tó. Àmọ́ ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò níbikíbi, kí ẹ sì bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ bọ́ ọ. Ojúbọ òrìṣà ń bẹ ní Vlekete, àwọn tí ń bọ ọ́ kò sì kà á sí ohun ìran.

Ẹ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó dé jẹ́tì, nítorí ìyẹn kò rọrùn ní òdìkejì. Ẹ ra omi mímu pẹ̀lú. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ni òfin omi ìpínlẹ̀ Èkó sọ pé kí gbogbo èrò wọ̀, nítorí náà ẹ má wọ inú ọkọ̀ kí wọ́n tó fún yín ní tiyín. Ẹ yẹ okùn àti ìdè rẹ̀ wò kí ẹ tó gbà á. Èyí tí ìdè rẹ̀ ti já kò yàtọ̀ sí aṣọ lásán. Ọmọdé gbọ́dọ̀ wọ èyí tí ó bá ara rẹ̀ mu, kì í ṣe ti àgbàlagbà tí yóò yọ gba orí rẹ̀. Bí ọlọ́kọ̀ bá ń dúró de èrò sí i tí ẹ sì rí i pé ọkọ̀ ti kún, ẹ sọ̀kalẹ̀. Bí òjò bá ṣú tàbí tí afẹ́fẹ́ ń ru omi sókè, èyí tí ó wọ́pọ̀ láàárín oṣù kẹfà àti oṣù keje, ẹ dúró dè é, bí kò bá sì rọlẹ̀, ẹ fi Gberefu sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Ìdákọjá ọ̀sà náà kò pẹ́. Ìrìn tí ó tẹ̀lé e ni ó gùn, lórí iyanrìn, láàárín igi àgbọn, títí dé etí òkun. Ẹ wọ bàtà tí ó dè mọ́ ẹsẹ̀. Sílípáàsì máa ń kó iyanrìn. Lójú ọ̀nà ni kànga kan wà tí ìtàn sọ pé wọ́n ń mú àwọn ẹrú mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ óò dé ibi àrèmabọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Point of No Return, níbi tí òpó méjì ti kọjú sí òkun. Àwọn ará wa tí ó ti Amẹ́ríkà tàbí Bùràsíìlì wá máa ń sunkún níbẹ̀. Ẹ fún wọn láyè, kí afinimọ̀nà pẹ̀lú sì panu mọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, bí ó ti wù kí ó mọ odò wẹ̀ tó, nítorí pé ìgbì etíkun yìí lágbára, ó sì máa ń fa ènìyàn wọ inú.

Bí ẹ bá padà sí ìlú, ẹ jẹun kíákíá. Ẹja tútù kò wọ́n ní ìlú etí omi, àgbọn sì wà níbi gbogbo. Ẹ ní kí wọ́n bẹ́ ẹ lójú yín. Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò lọ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nárì CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, kọ́ parí ní 1845. Ó kọjú sí ọ̀sà, àtẹ̀gùn tí ẹ óò gùn sì jẹ́ onípákó, kí àgbàlagbà di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Bí àkókò bá ṣẹ́kù, ẹ yà wo ibi tí igi Àgíyà wà, níbi tí àwọn míṣọ́nárì Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend ti wàásù ní 1842. Igi náà ti wó láti 1959, òkúta ìrántí ni ó dúró sí ipò rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ti tó níbẹ̀.

Ẹ san ìyókù owó afinimọ̀nà kí ẹ tó wọ ọkọ̀ padà, kí ẹ sì fún un ní ẹ̀bùn díẹ̀ lé e bí ó bá ṣe dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ó sọ nígbà náà pé Sẹ́mẹ̀ kò jìnnà mọ́, pé kí òun mú yín dé ẹnubodè kí ẹ lè ya fọ́tò kan. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún awakọ̀ pé kí ó yí orí ọkọ̀ sí ọ̀nà Èkó. Kí aago mẹ́ta ó tó lù ni ẹ gbọ́dọ̀ ti kọjá Àgbárá, nítorí láti ìgbà náà ni àwọn ọkọ̀ tí ń kó ẹrù àti àwọn tí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dí ọ̀nà Ìyànà-Ìbà.